Ìgbàgbọ́, Ìgbọràn àti Ìdènà Ọ̀nà: Àyẹ̀wò "Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́" àti "Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀"

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ìforítì ni òwe yìí ń kọ́ni, ṣùgbọ́n ó fi ìbéèrè kan sílẹ̀ láìdáhùn: bí àáké náà bá kú pátápátá ńkọ́? Kí ni ó kù tí ẹni tí ń wá oyin lè gbẹ́kẹ̀ lé?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Láti ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 tí ìjọba àpapọ̀ ti ṣí ibùjókòó rẹ̀ kúrò ní Èkó lọ sí Abuja, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ọmọ Yorùbá ni ó ti di èrò ní ìlú náà. Àwọn kan kó aya àti ọmọ dání. Àwọn mìíràn fi wọ́n sílẹ̀ ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn, wọ́n ń lọ wọ́n ń bọ̀. Bí ọjọ́ Ìsinmi bá kò, wọn a máa gbọ́ ìwàásù lórí bí onígbàgbọ́ ṣe ń borí ìdènà. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú irú ìwàásù bẹ́ẹ̀ ni pé ọ̀tá ni ó gbé òkè sí ojú ọ̀nà, àdúrà ni yóò sì wó o lulẹ̀. Ìwé méjì kan wà ní èdè Yorùbá tí wọ́n ti sọ ohun tí ó jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ tipẹ́tipẹ́. Èkíní ni "Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́" tí David Hinderer túmọ̀ láti inú ìwé John Bunyan. Èkejì ni "Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀" tí D. O. Fágúnwà kọ, tí ó jáde ní 1938.

Inú ìdènà gan-an ni a ti bí ìwé àkọ́kọ́. Bunyan lo nǹkan bí ọdún 12 nínú ẹ̀wọ̀n ní Bedford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1660 sí 1672, nítorí pé ó kọ̀ láti dákẹ́ ìwàásù. Ní 1678 ni apá kìn-ín-ní ìwé rẹ̀ jáde. Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó jẹ́ òjíṣẹ́ C.M.S., ni òun àti Anna aya rẹ̀ fi Kúdẹtì ní Ìbàdàn ṣe ibùgbé láti 1853. Ogun Ìjàyè tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní 1860 sé ọ̀nà etíkun mọ́ wọn. Oúnjẹ àti owó wọ́n wọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń ta ẹrù ilé wọn jẹun. Ní 1866 ni ìtumọ̀ náà jáde. Ẹni tí ó kọ ọ́ kò jókòó sínú ìdẹ̀ra, ẹni tí ó sọ ọ́ di Yorùbá náà kò sì sí nínú ìdẹ̀ra.

Ọ̀rọ̀ náà "èrò" tí ó wà nínú àkọlé yẹ fún àkíyèsí. Ní ayé ogun, èrò kì í dá rìn. Wọn a kó ara wọn jọ kí wọ́n tó gbéra, nítorí àwọn tí ń dènà de ènìyàn láti kó o lẹ́rú. Ẹni tí ó bá ka ìwé yìí ní Ìbàdàn ìgbà náà kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un pé inú ibi búburú ni ọ̀nà ibi rere máa ń gbà kọjá.

Ọ̀nà tààrà kan ṣoṣo ni a fi han èrò inú ìtàn náà, a sì kìlọ̀ fún un kí ó má yà kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ó dé ẹsẹ̀ òkè tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ìṣòro, ó rí ọ̀nà méjì mìíràn tí kò gun òkè. Àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n ti fo ògiri wọlé dípò kí wọ́n gba ẹnu-ọ̀nà ni wọ́n yà síbẹ̀, wọ́n sì ṣègbé. Èrò náà kọjú sí òkè: eré ni ó kọ́kọ́ ń sá, eré di ìrìn, ìrìn di ìrákò lórí ọwọ́ àti orúnkún. Kò sí iṣẹ́ ìyanu níbẹ̀. Ìgbàgbọ́ kò sọ òkè di pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó ṣe ni pé kò jẹ́ kí ẹni tí ń gùn ún yà sí ẹ̀gbẹ́.

Nígbà tí ó pẹ́, òun náà yà. Ojú ọ̀nà le, ẹsẹ̀ ń dùn ún, ó rí pápá tí koríko rẹ̀ rọ̀, ó sì mú ẹnìkejì rẹ̀ gba ibẹ̀. Òmìrán kan tí ń jẹ́ Àìnírètí mú wọn, ó sì tì wọ́n mọ́lé láti òwúrọ̀ Ọjọ́rú títí di òru Àbámẹ́ta. Wọ́n gbàdúrà títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, kí ó tó rántí pé kọ́kọ́rọ́ kan tí ń jẹ́ Ìlérí wà ní àyà òun láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé. Ìhun ìtàn yìí dára púpọ̀, nítorí ó jẹ́ kí òǹkàwé rí iṣẹ́ ìgbàgbọ́ àti iṣẹ́ ìgbọràn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àìgbọràn ni ó kó wọn sí túbú. Ìgbàgbọ́ ni ó ṣí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jáde, ojú ọ̀nà tí wọ́n ti yà náà ni wọ́n padà sí.

Bí ó bá mọ níbẹ̀, ènìyàn lè rò pé ẹni tí ó bá gbọ́ràn kì yóò rí ìyà. Bunyan ti dí ihò yìí ṣáájú. Ní Ọjà Asán, Olóòótọ́ tí kò yẹsẹ̀ lójú ọ̀nà ni wọ́n dáná sun. Ìgbọràn kì í ṣe owó tí a fi ń ra ìdẹ̀ra.

Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, jẹ́ Kristẹni àti olùkọ́, àwọn lámèyítọ́ sì ti tọ́ka sí ipa tí ìwé Bunyan ní lára iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àdàkọ ni ó ṣe. Ọmọ ọdẹ olóògùn àti àjẹ́ ni Àkàrà-ògùn. Oògùn àti àdúrà ń gbé pọ̀ nínú àpò rẹ̀, èyí sì ti mú kí àwọn kan máa bínú sí ìwé náà. Ibi tí ó yẹ kí a wò ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìrìnàjò rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó fi ìfẹ́ ara rẹ̀ wọ igbó lọ ṣọdẹ. Ó jìyà, ó sì bọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan ni ó ni èrè rẹ̀. Ní ìgbà kẹta, ọba ni ó rán an sí Òkè Lángbòdó fún ire ìlú. Ó jẹ́ iṣẹ́ náà, ó sì kó àwọn akọni mìíràn mọ́ra: Kàkó oníkùmọ̀, Ìmọ̀dòye ọlọ́gbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ olórin. Níbi tí ẹ̀bùn ẹnìkan kò bá dé, ti ẹlòmíràn a dé ibẹ̀. Ọjọ́ méje ni Ìrágbèjé fi kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀kọ́ ni Fágúnwà fi sí góńgó ìrìnàjò náà. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó padà délé, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà dé ìlú. Èrò Bunyan borí, ó sì wọ ìlú ọ̀run. Ọdẹ Fágúnwà borí, ó sì padà wá ròyìn fún àwọn ará ilé.

Síbẹ̀, àbùkù kan wà tí ìwé méjèèjì jọ ní. Nígbà tí èrò náà ń kúrò nílé, aya àti ọmọ ń ké pè é; ó fi ìka di etí, ó sì sá lọ. Ti Kàkó burú ju èyí lọ. Ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ni wọ́n wá pè é. Nígbà tí ìyàwó dì mọ́ ọn pé kí ó má lọ, ó yọ àdá sí i. Àwọn kan lè sọ pé ìpè ju ilé lọ. Bunyan fúnra rẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1684, ó tẹ apá kejì jáde, níbi tí aya náà àti ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́rin ti gba ọ̀nà kan náà, tí a sì fún wọn ní akọni kan tí ń ṣọ́ wọn, tí ń rìn bí ẹsẹ̀ ọmọdé ti lè rìn. Kò sí ẹni tí ó ṣe irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó Kàkó. Ìgbọràn tí kò ní àánú nínú, kùmọ̀ lásán ni.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a máa ka ìwé méjèèjì pọ̀, kí a má sì dá Bunyan dúró sí apá kìn-ín-ní nìkan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń yin Kàkó ní akọni gbọ́dọ̀ bèèrè ẹni tí ó san owó akọni náà. Òṣìṣẹ́ tí ó wà ní Abuja, tí ilé rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, mọ̀ pé ìbéèrè náà kì í ṣe ti ìdánwò nìkan. Àáké lè kú lóòótọ́. Ohun tí ìwé méjì yìí fi hàn pé ó kù ni ojú ọ̀nà tí a kò yà kúrò lórí rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ tí ó wà ní àyà, àti àwọn tí a jọ ń rìn.