Ta Ni Ó Gbé Wa Dé Ife Àgbáyé 2002? Ìpín Bonfrere, Amodu àti Onígbìndé

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ fi Port Harcourt ṣe ilé, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni a mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń jiyàn láàrín ara wa yóò mọ̀ pé èkíní kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀ sí èkejì. Bí ẹnì kan bá ti dárúkọ ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 2001, ọjọ́ tí Super Eagles na Ghana ní góòlù 3 sí òdo ní pápá Liberation ní Elekahia níhìn-ín, tí Nàìjíríà fi gba tíkẹ́ẹ̀tì Ife Àgbáyé, ariwo bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn kan á ní Jo Bonfrere ló ni iṣẹ́ náà. Àwọn mìíràn á ní Shuaibu Amodu ni. Àwọn tó pọ̀ jù nínú wa á sì fọwọ́ sọ̀yà pé Olóyè Adégbóyè Onígbìndé ló gbé wa lọ sí Japan, ọmọ Modákẹ́kẹ́, ọmọ wa.

Ohun tó mú wa kọ̀wé yìí kò ju pé àwọn ọmọ wa ń gbọ́. Àwọn tí a bí síhìn-ín, tí wọn kò tíì dé ayé nígbà náà, ẹ bi wọ́n léèrè pé ta ni ó gbé Nàìjíríà dé Ife Àgbáyé ọdún 2002. Orúkọ tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu wa ni wọn yóò dá padà fún yín, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ yẹn kò pé.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ìṣirò kalẹ̀ ná. Ikọ̀ márùn-ún ló wà ní ìsọ̀rí wa: Nàìjíríà, Ghana, Liberia, Sudan àti Sierra Leone. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 8 ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan gbá, ikọ̀ kan ṣoṣo ni yóò sì lọ. Bonfrere ló darí márùn-ún àkọ́kọ́. A na Sierra Leone ní 2 sí òdo, Liberia na wa ní 2 sí 1 ní Monrovia, a na Sudan ní 3 sí òdo, a gbá ọ̀mì òdo sí òdo ní Accra, lẹ́yìn náà ni Sierra Leone na wa ní góòlù kan sí òdo ní Freetown ní oṣù Kẹrin ọdún 2001. Ẹ ka àwọn pọ́ìntì náà: 7 nínú 15. Àjọ NFA ní kí Bonfrere máa lọ ilé. Amodu gba ipò, àwa àti Liberia gbá, ó jẹ́ 2 sí òdo. A lọ bá Sudan ní ilẹ̀ wọn, ó jẹ́ 4 sí òdo. Ghana wá bá wa ní Elekahia, ó jẹ́ 3 sí òdo. Pọ́ìntì 9 nínú 9, góòlù 9, kò sì sí ẹyọ kan tó wọ ilé wa. Àpapọ̀ wa jẹ́ 16. Liberia, tí George Weah tó padà di ààrẹ orílẹ̀-èdè wọn jẹ́ àgbà òṣèré wọn, ní 15. Pọ́ìntì kan ṣoṣo ló là wá.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní Bonfrere kò ṣe nǹkan kan, kò ṣírò. Ọ̀mì ti Accra yẹn, nígbà tí ìrètí Ghana kò tíì tán, ọ̀pọ̀ nínú wa kò kà á sí lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ pé pọ́ìntì kan ni gbogbo rẹ̀ dá lé, ọ̀mì náà níyì. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó bá ní Bonfrere ló kọ́ ilé, tí Amodu kàn wá ṣí fèrèsé, kò tíì ronú dé ìdí ọ̀rọ̀. Ikọ̀ tí Freetown nà yẹn, òkè ń jìnnà sí wọn ni.

Àwọn tó fẹ́ràn Bonfrere a máa rán wa létí góòlù tó gbà ní Atlanta ní 1996, wúrà gidi, tí Nàìjíríà na Brazil ní 4 sí 3, tí a sì na Argentina ní 3 sí 2 ní àṣekágbá. A kò jiyàn. Wọ́n a tún mẹ́nu ba ọdún 2000, tó gbé wa dé àṣekágbá Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ní Èkó, tó jẹ́ pé pẹ́náítì ni Cameroon fi gbà á lọ́wọ́ wa. Èyí náà rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó gbá Atlanta. Okocha, Oliseh, Ikpeba, Amokachi, Amuneke àti Uche Okechukwu ti wà nínú ikọ̀ tí Clemens Westerhof kó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1994. Kanu, Celestine Babayaro, Oruma àti Oparaku ti gba ife àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 17 lọ ní Japan ní 1993, lábẹ́ Fanny Amun. Igbákejì Westerhof sì ni Bonfrere fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí a bá wá ní oúnjẹ tí Bonfrere sè ni Amodu bù jẹ ní 2001, a jẹ́ pé Bonfrere náà jẹ oúnjẹ Westerhof àti ti Amun ní 1996. Òṣùwọ̀n kan náà ni kí a fi wọn gbogbo wọn. A kò lè fún òyìnbó ní gbogbo ìkórè lọ́dún tí ó kórè, kí a tún fún un ní gbogbo ìkórè lọ́dún tí ó jẹ́ pé ó gbìn nìkan.

Kí wá ni Amodu ṣe? Láàrín Freetown àti ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Liberia, ọjọ́ kò pọ̀ rárá. Kò sí ẹni tó lè fi irú àkókò bẹ́ẹ̀ kọ́ Okocha ní bọ́ọ̀lù, ẹni tó ti gbá a ní Jámánì, ní Turkey àti ní Faransé. Iṣẹ́ tí Amodu ṣe jẹ́ iṣẹ́ àtúnṣe, kì í ṣe iṣẹ́ ìkọ́lé. Ó mú Stephen Keshi mọ́ra, ẹni tó jẹ́ ọ̀gá àwọn agbábọ́ọ̀lù wa ní 1994, pẹ̀lú Joe Erico tó ti ṣọ́lé fún Nàìjíríà rí. Èdè àwọn ọmọ wọ̀nyẹn yé wọn. Kí ẹ má ṣe fojú kékeré wo èyí o. Ẹni tó bá ti gba ọ́fíìsì tí ìjà ti tú ká rí, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ń kí ẹnikẹ́ni, tó sì mú kí iṣẹ́ jáde kí oṣù tó parí, yóò mọ̀ pé ó ṣòro ju kí a bẹ̀rẹ̀ ní tuntun lọ.

Ní ti ọjọ́ Elekahia, a ní láti fi òótọ́ sí i. Ghana kò ní ohun tí wọ́n ń lé mọ́. Ọ̀nà ti dí fún wọn kí wọ́n tó wọ bàálù wá síbí. Ẹni tó bá fẹ́ fi góòlù 3 yẹn nìkan ṣe ẹ̀rí ọgbọ́n Amodu, ẹ̀rí rẹ̀ kò lágbára tó bí ó ṣe rò. Ṣùgbọ́n kí ni àwa náà lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà? Pọ́ìntì 13. Liberia ti parí tiwọn, wọ́n jókòó lórí 15, wọ́n ń retí pé kí a ṣubú. Bí a bá gbá ọ̀mì, a ti jáde nìyẹn. Ìfòyà tó wà nínú irú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti pa ikọ̀ tó ju tiwa lọ. Victor Agali gbá méjì wọlé, Tijani Babangida gbá ẹyọ kan, gbogbo Port Harcourt sì tú sí títì. Pápá náà ti yí orúkọ padà láti ìgbà náà, Yakubu Gowon ni wọ́n sọ ọ́ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n lẹ́nu àwa àtijọ́, Liberation náà ni.

Àwa tí a ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba mọ bí ọ̀rọ̀ ìyìn ṣe ń rí. Ẹnì kan á ṣí fáìlì, ẹlòmíràn á fi ọdún mẹ́rin lé e kiri láti tábìlì dé tábìlì, wọ́n á wá gbé e ní tírànsífà lọ sí ibòmíràn. Ẹni tó bá wà lórí àga lọ́jọ́ tí wọ́n ń gé ríbọ́n ni fọ́tò rẹ̀ ń jáde nínú ìwé ìròyìn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Amodu nìyẹn gẹ́lẹ́. Ní oṣù kìíní sí oṣù kejì ọdún 2002, ó kó ikọ̀ náà lọ sí Mali fún Ife Ilẹ̀ Áfíríkà, Senegal na wá ní 2 sí 1 lẹ́yìn àfikún àkókò ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, a sì ṣe ipò kẹta. NFA tú gbogbo wọn ká, Amodu àti Keshi pọ̀. Wọ́n pe Olóyè Onígbìndé.

A gbọ́ ọ tí àwọn kan ń sọ pé Amodu ìbá ti ṣe bẹbẹ ní Japan bí wọ́n bá fi í sílẹ̀. Ẹ rọra. Ní Mali, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 6 ni a gbá, góòlù 5 péré ni a rí jẹ. Ẹ̀yìn wa le, iwájú wa kò mú. Ẹni tó bá wo Mali dáadáa kò ní búra pé ikọ̀ yẹn ìbá ti kọjá Argentina àti England.

Kò sì yẹ kí a di gbogbo ẹrù ìkùnà ru Olóyè Onígbìndé nítorí pé a ń yin Amodu. Àwọn ni wọ́n gbé Nàìjíríà dé àṣekágbá ní Abidjan ní 1984, tí Cameroon na wa ní 3 sí 1, ọdún kan náà tí 3SC ti Ìbàdàn gbá àṣekágbá ife àwọn ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ilẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú Zamalek. Wọn kì í ṣe àlejò. Ṣùgbọ́n oṣù díẹ̀ ni wọ́n fún wọn, ikọ̀ tí wọ́n sì kó lọ kì í ṣe ti Elekahia. Agali kò sí níbẹ̀, Babangida kò sí níbẹ̀. Àwọn méjèèjì tó gbá góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé níhìn-ín, ilé ni wọ́n ti wo Ife Àgbáyé. Oliseh kò lọ, Finidi George tí a bí ní Port Harcourt yìí kò lọ. Argentina na wa ní 1 sí òdo, Sweden na wa ní 2 sí 1, a gbá ọ̀mì òdo sí òdo pẹ̀lú England ní Osaka. Pọ́ìntì kan.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tún ara rẹ̀ ṣe. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2009, Amodu kan náà ló wà nídìí ikọ̀ nígbà tí a na Kenya ní 3 sí 2 ní Nairobi, tí Tunisia sì ṣubú lọ́wọ́ Mozambique, tí a fi rí tíkẹ́ẹ̀tì South Africa gbà. Ó tún lọ sí Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ní Angola, ó tún ṣe ipò kẹta, wọ́n tún lé e. Lars Lagerbäck láti Sweden ni wọ́n gbé wá, pẹ̀lú gbogbo orúkọ rẹ̀ ní Yúróòpù. Argentina na wa, Greece na wa, a gbá ọ̀mì 2 sí 2 pẹ̀lú South Korea. Pọ́ìntì kan náà ni òyìnbó mú bọ̀ bí ti Olóyè. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ọmọ Yorùbá ló ba ikọ̀ Amodu jẹ́ ní 2002, kí ni ẹ fẹ́ pe èyí? Ẹ̀yin tí ẹ sì ń sọ pé Amodu kò ṣe ju kó di àga mú, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó mú tíkẹ́ẹ̀tì wá, ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹlòmíràn fi wọ ọkọ̀. Ọ̀bọ ń ṣiṣẹ́, ìnàkí ń jẹ, bí àwọn ará ìlú yìí ṣe máa ń wí.

Ní tiwa, Amodu ni a fún ní ìpín tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ Elekahia. Bonfrere tẹ̀ lé e, kò sì jìnnà sí i púpọ̀, nítorí pọ́ìntì 7 kì í ṣe òfo. Olóyè Onígbìndé kò ní ìpín kankan nínú tíkẹ́ẹ̀tì yẹn. Kí àwọn ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ bínú máa bínú. Ìyìn tí kì í ṣe ti ènìyàn, bí a bá gbé e wọ̀ ọ́, ńṣe ni àwọn aládùúgbò wa yóò máa rẹ́rìn-ín.

Èyí tó jẹ́ ti Olóyè gan-an, a kì í dárúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ England ní Osaka, wọ́n fi Ike Shorunmu sílẹ̀, wọ́n mú ọmọ ọdún 19 kan láti Enyimba ti Aba sójú ilé, Vincent Enyeama. Ọ̀pọ̀ ló pè é ní ìwà àìbìkítà. Ọmọ náà kò jẹ́ kí nǹkan kan wọlé. Ní 2010, òun ló gba ẹ̀bùn ẹni tó gbá jù lọ nígbà tí a pàdé Argentina, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n na wa. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì ọdún 2013, ní Johannesburg, Enyeama ló ṣì wà lójú ilé nígbà tí Nàìjíríà na Burkina Faso tí a sì gba Ife Ilẹ̀ Áfíríkà. Akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ́jọ́ náà ni Stephen Keshi, ẹni tí wọ́n lé pẹ̀lú Amodu ní 2002. Keshi kú ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún 2016 ní Benin City. Amodu tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kẹta, ní ìlú kan náà.