Kókó Ara Gbòǹgbò

Ilé ti gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ oko àwọn Gbagyi ní Dutse Alhaji, ní ìjọba ìbílẹ̀ Bwari, síbẹ̀ bí òjò bá ti dé, ilẹ̀ tí wọn ò tíì kọ́lé sí kì í ṣófo. Wọn a gbin àgbàdo, wọn a fi ẹ̀pà tàbí ẹ̀wà sáàárín rẹ̀. Bí ẹ̀wà bá ń tanná, ẹ rọra fi ọkọ́ wú ìdí kan, kí ẹ gbọn yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dànù. Ẹ ó rí kókó róbótó-róbótó lára gbòǹgbò. Ẹ fi èékánná la ọ̀kan: bó bá ń ṣiṣẹ́, inú rẹ̀ á pọ́n, nítorí ohun tó fún un láwọ̀ bá èyí tó mú ẹ̀jẹ̀ wa pupa tan.

Bakitéríà tí wọ́n ń pè ní rhizobium ló ń gbé ibẹ̀. Ìdá 78 nínú 100 afẹ́fẹ́ ni náítírójìn, ṣùgbọ́n kò sí ewéko tó lè dá mú un lò. Bakitéríà ló ń sọ ọ́ di oúnjẹ fún ẹ̀wà. Ẹ̀wà náà á fún un ní ṣúgà àti ibùgbé. Martinus Beijerinck, ará Netherlands, ló kọ́kọ́ yọ ọ́ sọ́tọ̀ nínú kókó, lọ́dún 1888.

Bí bakitéríà ṣe ń wọlé ló wù mí jù. Gbòǹgbò ẹ̀wà á tu èròjà kan sínú ilẹ̀, bakitéríà tó dá a mọ̀ á fi tirẹ̀ dá a lóhùn, irun gbòǹgbò á ká mọ́ ọn, ọ̀nà tóóró á sì là wọnú. Ti ẹ̀pà yàtọ̀ pátápátá: ibi tí ẹ̀ka gbòǹgbò ti la awọ jáde ni bakitéríà ń gbà wọlé. Àgbàdo kì í so kókó rárá. Bakitéríà bíi Azospirillum kàn ń gbé lára gbòǹgbò rẹ̀ ni. Ewéko Sesbania rostrata, ní Sẹ̀nẹ̀gà, a tilẹ̀ máa so kókó lára igi rẹ̀ lókè ilẹ̀!

Ẹ̀wà kì í ṣa bakitéríà tó ń gbà lálejò, sóyà ló ń ṣà á. Irú sóyà tó ti Amẹ́ríkà wá kì í sábà bá bakitéríà ilẹ̀ wa rẹ́. Ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Íbàdàn, àwọn onímọ̀ mú un, wọ́n fi irú Éṣíà tó ń gba bakitéríà ibí yìí gùn ún, irú sóyà tí wọ́n ń pè ní TGx sì jáde. Iṣẹ́ ọgbọ́n gidi nìyẹn, nítorí àgbẹ̀ lè gbìn ín láìra bakitéríà. Ẹni tó bá tún ra bakitéríà fi pa irúgbìn rẹ̀ lára, kó má sá a sóòrùn, ohun ẹlẹ́mìí ni. Kó sì rọra pẹ̀lú yúríà, torí bí náítírójìn bá ti pọ̀ nínú ilẹ̀, gbòǹgbò fúnra rẹ̀ á dẹ́kun kókó síso.