"Rosa Ò Nítẹ̀ẹ́lọ́rùn": Ta Ló Wá Ní In?

Ọ̀rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà lálẹ́ ọjọ́ tí a wo fíìmù Eyimofe. Àwa mẹ́fà la rọ̀gbà yí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ká. Iná ò sí, bátìrì ń lọ sílẹ̀, a ò mí. Bó ṣe parí báyìí, ọ̀kan nínú wa pòṣé, ó ní, "Ọmọ yìí ò kàn nítẹ̀ẹ́lọ́rùn ni." Rosa ló ń bá wí. Mo ní irọ́ ni. Wọ́n ní tó bá dá mi lójú, kí n lọ kọ ọ́ sílẹ̀. Òun nìyí.

Fún ẹni tí kò tíì wò ó: ìbejì ni àwọn tó darí rẹ̀, Arie àti Chuko Esiri. Chuko ló kọ ìtàn náà. Ìlú Berlin ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi hàn, lọ́dún 2020. Wọn ò lo kámẹ́rà ìgbàlódé. Fíìmù gidi, irú èyí tí wọ́n ń pè ní 16mm, ni wọ́n fi yà á nígboro Èkó. Ìdí nìyẹn tí àwọ̀ rẹ̀ fi dà bíi fọ́tò inú álíbọ́ọ̀mù ìyá ẹni. Apá méjì ló ní. Wọ́n pe ti Mofe, tó ń tún iná ṣe, ní Spain. Wọ́n pe ti Rosa ní Italy. Ṣùgbọ́n Èkó náà la wà.

Rosa (Temi Ami-Williams ló ṣe é, ó sì ṣe é dáadáa) ń ṣe irun lọ́sàn-án, ó ń ta ọtí lálẹ́. Grace àbúrò rẹ̀ wà nínú oyún. Mama Esther máa bá wọn ṣètò ìrìnàjò, ṣùgbọ́n ọmọ inú Grace ló fẹ́ gbà. Ẹ tún un kà: ọmọ inú! Lándílọ́ọ̀dù ń wo Rosa, Peter ará Amẹ́ríkà náà ń wò ó, owó ọsibítù sì wà nílẹ̀.

Wàyí o, ìtẹ́lọ́rùn. Lándílọ́ọ̀dù nílé, ó tún fẹ́ ayálégbé. Mama Esther lọ́nà àtijẹ, ó tún fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Nínú àwa mẹ́fà, kò sẹ́ni tó wàásù ìtẹ́lọ́rùn fún ìyẹn. Rosa tó ń ṣiṣẹ́ méjì lóòjọ́ la rí bá wí. Ṣé àwa ará Ìbàfò ló yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀? Àwa tí à ń rí àwọn ìyá létí títì márosẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, tí wọ́n ń du ọkọ̀ Bẹ́gà, torí owó ilé Èkó ti lé wọn dé ibí, iṣẹ́ wọn ò sì bá wọn wá?

Ohun tí mo rí ni pé ojú púpọ̀ ni Rosa ní. Ó ní èyí tó ń gbé pàdé oníbàárà, ó ní ti lándílọ́ọ̀dù, ó ní ti òyìnbó. Ẹ̀gbẹ́ Grace nìkan ni mo ti rí i kí ojú rẹ̀ sinmi. Kì í ṣe Italy ló ń wá. Ibi tí ojú kan á ti tó o ló ń wá.

Àmọ́ mo ní ẹjọ́ bá àwọn Esiri rò. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. "Èyí mo fẹ́" ni wọ́n pe fíìmù yìí, orúkọ Mofe sì wà nínú rẹ̀ kedere. Ibo ni ti Rosa wà? A mọ iṣẹ́ ọwọ́ Mofe, a rí i láàárín wáyà, a mọ ohun tó lè fọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ti Rosa, ohun tí àwọn ẹlòmíì fẹ́ lára rẹ̀ la mọ̀ jù. Lọ́dún 1966, Ousmane Sembène ṣe La Noire de... Diouana kúrò ní Dakar lọ sí Antibes ní Faransé, ó rò pé ọmọ lòun máa tọ́jú, wọ́n sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀ inú kíṣìnì. Kì í fi bẹ́ẹ̀ fọhùn, ṣùgbọ́n Sembène jẹ́ ká gbọ́ inú rẹ̀ títí tó fi gbẹ̀mí ara rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún kí Rosa tó dé. Kí ló dé tí a ò gbọ́ inú tirẹ̀?

Síbẹ̀, ẹ wá a wò. Mi ò rí fíìmù tó fi sùúrù wo tálákà báyìí rí, láìbú u, láìsì ké lé e lórí.

Ẹni tó pòṣé lálẹ́ ọjọ́ yẹn? Ó ti ń ṣe páásípọ́ọ̀tù báyìí. Mi ò bú u, èmi náà ti bi í léèló ni. Ṣùgbọ́n mo bi í ní ohun tí fíìmù yẹn kò bi Rosa: "Tó o bá débẹ̀ tán, ta lo fẹ́ jẹ́?" Kò tíì dá mi lóhùn.