Àlejò ní Ilé Òpìtàn: Àsọyé Ààrẹ Faransé Méjì Lórí Ìwọ̀n Èdè Yorùbá

Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2007, Nicolas Sarkozy, tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta lórí àlééfà gẹ́gẹ́ bí Ààrẹ ilẹ̀ Faransé, sọ àsọyé ní Yunifásítì Cheikh Anta Diop ní Dakar. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ọdún 2017, Emmanuel Macron ṣe irú rẹ̀ ní Ouagadougou, ní yunifásítì tí a fi orúkọ Joseph Ki-Zerbo pè. Òpìtàn ni Diop, ẹni tí ó tẹ Nations nègres et culture jáde ní 1954. Òpìtàn ni Ki-Zerbo náà, olóòtú ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìwé ìtàn Áfíríkà tí UNESCO gbé jáde. Inú ilé òpìtàn ni àlejò méjèèjì ti sọ̀rọ̀, èyí tí ó kọ́kọ́ dé kò sì ṣe bí ẹni tí ó mọ ilé tí òun wà.

Ohun tí gbogbo ènìyàn rántí nínú àsọyé ti Dakar, èyí tí Henri Guaino bá a kọ, ni pé ọmọ Áfíríkà kò tíì wọ inú ìtàn tó bí ó ti yẹ. Sarkozy kò ṣàì bu ẹnu àtẹ́ lu òwò ẹrú. Ó pè é ní ìwà ọ̀daràn sí gbogbo ọmọ aráyé. Síbẹ̀, orí gbólóhùn kan yẹn ni ìyókù dúró lé, ó sì yẹ kí a dán an wò nínú èdè tí a kò fi kọ ọ́. Lédè Yorùbá, ìtàn kì í ṣe yàrá tí ènìyàn ń wọ̀. A ń pa á, a ń sọ ọ́, a ń gbọ́ ọ, a ń jogún rẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Lóòótọ́, oníròyìn òde òní lè wí pé agbábọ́ọ̀lù kan wọ inú ìwé ìtàn. Ṣùgbọ́n ìwé ni ẹni náà wọ̀, ẹnìkan ni ó sì kọ ọ́. Bí a bá ti lo ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá ìtàn mu, ìbéèrè tí àsọyé náà fi pamọ́ yóò jáde síta: ta ni ó ń pa á, ta ni wọ́n sì pa lẹ́nu mọ́? Sarkozy tún ya àwòrán àgbẹ̀ tí kò mọ̀ ju pé òjò ń lọ, ẹ̀ẹ̀rùn ń dé. Àgbẹ̀ Yorùbá tí ó ń fi ogun Kírìjì ṣírò ọjọ́ orí ọmọ rẹ̀ kò jọ àwòrán yẹn rárá.

Èsì kò pẹ́. Ní 2008, Makhily Gassama kó àròkọ àwọn onímọ̀ jọ sínú L'Afrique répond à Sarkozy, Adame Ba Konaré náà sì ṣe olóòtú ìwé tirẹ̀. Paris ni a ti tẹ méjèèjì. Àlejò wá sọ̀rọ̀ ní ilé onílé, onílé wá ní láti rin ìrìn àjò lọ sí ilé àlejò kí ó tó lè fèsì.

Macron gba ìbéèrè. Ìyàtọ̀ ńlá ni èyí, nítorí gbọ̀ngàn yunifásítì tí a kò ti lè bi àlejò léèrè ọ̀rọ̀ kò yàtọ̀ sí pápá ìpolongo ìbò. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan iná mànàmáná, ó dáhùn pé iṣẹ́ Ààrẹ Roch Marc Christian Kaboré nìyẹn, kì í ṣe tòun. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí Kaboré ti dìde jáde, Macron fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ó ti lọ tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Ẹni ọdún 39 ni ó ń fi ẹni ọdún 60 ṣẹ̀fẹ̀ lójú àwọn ọmọ ilé rẹ̀. Òǹkàwé Yorùbá kò nílò àlàyé lórí ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀.

Ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti wí. Lọ́jọ́ náà, àlejò fúnra rẹ̀ ni ó jẹ ẹ́. Macron ní òun fẹ́ kí gbogbo ètò ti wà nílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún láti dá àwọn ohun àjogúnbá Áfíríkà padà sí Áfíríkà, fún ìgbà díẹ̀ tàbí títí láé. Ìlérí tí ó ní gbèdéke ni, ó sì fi èyí ta àsọyé ti Dakar yọ. Ṣùgbọ́n kí a tú òun náà wò. Ta ni yóò sọ pé òun dá nǹkan padà fún ìgbà díẹ̀ lédè Yorùbá tí a kò ní fi rẹ́rìn-ín? Ohun tí a óò tún gbà lọ́wọ́ ẹni, yíyá ni a yá a. Ẹni tí a sì kó ní nǹkan kì í yá nǹkan ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti gírámà lásán. Idà tí wọ́n ní ó jẹ́ ti El Hadj Omar Tall, tí Édouard Philippe, olórí ìjọba Faransé, gbé lé Ààrẹ Macky Sall lọ́wọ́ ní Dakar ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, yíyá ni wọ́n yá Senegal fún ọdún márùn-ún. Òfin ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yíyá di dídá padà. Òfin kan náà ni ó dá ohun 26 tí àwọn ọmọ ogun Ọ̀gágun Dodds kó ní ààfin Abomey ní 1892 padà fún Olómìnira Benin. Wọ́n gúnlẹ̀ sí Cotonou ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, kí gbèdéke tó pé.

Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, nígbà tí wọ́n ń fọwọ́ sí ìwé ní Paris, Ààrẹ Patrice Talon dárúkọ ohun tí ó kù lẹ́yìn: ère Gou tí a fi irin ṣe, àti pátákó Fá tí Guèdègbé awo lò. Yorùbá kankan kò nílò ògbufọ̀ fún orúkọ méjèèjì. Ògún ni Gou. Ifá ni Fá. Wọn kò sí nínú 26 náà.