Àìsàn Tó Ń Sá fún Ríwáyà

Ọkọ̀ tó kú pátápátá kì í dà mí láàmú. Èyí tó ń dùn mọ́ mi jù nínú iṣẹ́ ríwáyà, ìyẹn iṣẹ́ iná ọkọ̀, ni èyí tó kú sí Ìyànà-Ìbà láàárọ̀, tí wọ́n fà dé ọ̀dọ̀ mi, tó wá jí bí mo ṣe yí kọ́kọ́rọ́. Oníbàárà á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí gbọ́, ó kú o!" Mo gbà á gbọ́.

Ọkọ̀ Ìjàpá ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. Ìlú Ọjọ́ níbí náà ni Volkswagen ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ ní 1975. A ṣì ń pe ibùdókọ̀ tó wà níbẹ̀ ní Volks. Wáyà Ìjàpá ò pọ̀, kò sì ní kọ̀ǹpútà kankan. Ìta gbangba ni irin fíúsì rẹ̀ wà, abala irin méjì ló fún un lórí àti nídìí. Bí ìpẹtà bá ti mú ibẹ̀, ẹ fìka yí fíúsì náà, iná á tàn. Ẹ kó sí kòtò kan, á tún lọ.

Bí ọkọ̀ bá kọ̀ láti jí, okùn ẹ́ẹ̀tì tó so jíábọ́ọ̀sì mọ́ bọ́dì ni mo kọ́kọ́ ń wò. Orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì àti jíábọ́ọ̀sì jókòó sí, rọ́bà kì í sì í gbé iná. Bí okùn yẹn bá ti jẹrà, iná kékeré ṣì lè gbabẹ̀ kọjá: gílóòbù á tàn, bátìrì á ka fólítì 12.6. Ìgbà tí sítátà bá ń fẹ́ iná ńlá ni àṣírí ń tú, ẹ óò kàn gbọ́ "kà!" Mo máa ń fi ẹsẹ̀ mítà kan sórí négátífù bátìrì, èkejì sára ẹ́ńjìnnì, kí ọmọ iṣẹ́ wá yí kọ́kọ́rọ́. Bó bá ju ìdajì fólítì lọ, mo ti mú un.

Bó bá jẹ́ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ni àìsàn náà wà ńkọ́? Mo máa ń tan rédíò, kí n máa mi wáyà jẹ́jẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí orin bá ti já, ọwọ́ mi ò ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Adùn tó wà níbẹ̀ kò ṣe é ṣàlàyé fún ẹni tó ń tètè dá bátìrì lẹ́bi.

Àwọn oníbàárà kì í fẹ́ sanwó irú iṣẹ́ yìí. Wọ́n á ní kí ni mo pààrọ̀. N kò pààrọ̀ nǹkan kan, sánpépà ni mo fi ha ibi tó dípẹtà, mo sì dè é le. Sítátà tuntun ni ìbá tẹ́ wọn lọ́rùn, torí wọ́n lè gbé e dání. Ìdí nìyẹn tí kọ́kọ́rọ́ fi ń wà lápò mi títí a ó fi parí ọ̀rọ̀ owó.