Ìmọ̀wé àti Ẹ̀kọ́ nínú Ìtàn Ìgbésí-Ayé Tara Westover

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó mọ̀wé ni ó lẹ́kọ̀ọ́. Òye yìí ni a fi ka *Educated*, ìwé tí Tara Westover kọ nípa ìgbésí-ayé ara rẹ̀, tí ó jáde ní 2018. Ẹsẹ̀ òkè kan ní Idaho, ní Amẹ́ríkà, ni ó dàgbà sí. Bàbá rẹ̀ kò fọkàn tán ìjọba, ilé-ìwé tàbí ilé-ìwòsàn. Ìdí àlòkù irin ni ọmọ ti ń ṣiṣẹ́. Ó fúnra rẹ̀ kọ́ ìṣirò fún ìdánwò àtiwọ yunifásítì. Ó pé ọmọ ọdún 17 kí ó tó wọ kíláàsì. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Cambridge ní 2014.

Lójú tiwa, oyè yìí kọ́ ni kókó ìwé náà. Nígbà tí iná jó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́sẹ̀, òǹkọ̀wé sọ bí òun ṣe rántí rẹ̀, ó sì fi àkíyèsí sí i pé bí àwọn ẹ̀gbọ́n òun ṣe rántí rẹ̀ yàtọ̀. Nílé, ohùn bàbá nìkan ni òtítọ́. Òǹkọ̀wé kò fi ohùn tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀kọ́ nìyẹn. Ó kan àwa tí a ń máàkì ìwé ìdánwò: bí ohùn olùkọ́ nìkan bá ni a ń fún ní máàkì, ìmọ̀wé lásán ni a ń kọ́ni.