Ǹjẹ́ Ohun Kan Ń Ṣàdédé Ṣẹlẹ̀?

Ní 1973, Ọ̀jọ̀gbọ́n J. O. Sodipo kọ àpilẹ̀kọ kan lórí ìdí àti èèṣì nínú èrò Yorùbá, sínú Second Order, ìwé àtìgbàdégbà Yunifásítì Ifẹ̀. Kókó ohun tó sọ ni pé ohun tí àwọn mìíràn ń pè ní èèṣì, Yorùbá gbà pé ọwọ́ òrìṣà ló wà níbẹ̀. Òótọ́ wà ńbẹ̀. Àwọn àgbà ṣáà ní láìnídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Àmọ́ ọ̀rọ̀ "dédé" kò jẹ́ ká dúró síbẹ̀.

Ẹ wo Computer Village ní Ìkẹjà. Oníbàárà á ní, "Ẹnjiníà, fóònù mi kàn dédé kú ni." Ẹnjiníà ò ní bá a jiyàn. Á tú u, á fi mítà wọn iná inú rẹ̀, á wò ó bóyá omi wọlé àbí ṣájà ló bà á jẹ́. Bí ò bá rí nǹkan kan, á ní òun ò tíì rí ibi tó ti wá. Kò ní sọ pé kò síbi tó ti wá. "Dédé" kò sọ pé ìdí ò sí. Ojú tó ń wò ló mọ síbẹ̀.

Ọjà náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àdúgbò ilé gbígbé ni tẹ́lẹ̀. Àwọn oníkọ̀ǹpútà dé síbẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1990. Nígbà tí fóònù GSM dé ní 2001, èrò ya bò ó. Ẹnì kan ò jókòó pète rẹ̀, síbẹ̀ ó nídìí. Ọ̀tọ̀ ni àìní ẹni tó pète, ọ̀tọ̀ ni àìní ìdí. Ìyàtọ̀ yìí la fẹ́ fi kún iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ifá kò sì fi ìyàtọ̀ yìí ṣeré. Ojú mẹ́jọ ọ̀pẹ̀lẹ̀ ló ń bí odù 256. Awo kì í yan èyí tó máa jáde. Bó bá jáde tán, ìbò là ń fi bèèrè lẹ́sẹẹsẹ: ṣé ire ni àbí ibi? Ibi wo? Níbo ló ti wá?

Ẹ̀yin awo, ibi tọ́ràn wà rèé. Ọlọ́jà tó pàdánù á wá bá wa pé, "Ta ló ń ṣe mí?" Ó ti dájọ́ kí Ifá tó fọhùn. Bí a bá gba "ta" yẹn lẹ́nu rẹ̀ láìdìbò, ìyá arúgbó kan nílé, tàbí ẹni tí wọ́n jọ pín ṣọ́ọ̀bù, ló máa ru ẹ̀sùn ohun tí ṣájà burúkú fà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bèèrè ohun tó fà á, ká tó bèèrè ẹni.